Ìgò Kan àti Ìṣẹ́jú 20: Ohun tí Oró Ejò Ń Ṣe sí Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Awoye, ní etí òkun Ìlàjẹ. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni ó kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni yíyan ẹja àti edé tà. Ó bẹ̀ wá kí a má dárúkọ òun, a ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà wúwo, ìbéèrè tí ó fi parí rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ó yẹ kí gbogbo ilé tí ó wà lẹ́bàá omi àti lẹ́bàá igbó mọ ìdáhùn rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fi gbogbo àyè wa ti ọ̀sẹ̀ yìí fún un.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 9, lọ fa igi ìdáná yọ nínú òkìtì igi tí a tò sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ gbé le díẹ̀. Ejò kan tí ó sanra, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, wà ní abẹ́ igi náà láìmira. Ẹnikẹ́ni kò sì rí i títí ó fi bu ọmọ náà ṣán ní ọwọ́ ọ̀tún. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọwọ́ náà ti wú dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá ọkọ rẹ̀ sáré mú abẹ wá.

Ìyá náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má fi abẹ kàn án. Ẹ jẹ́ kí a wá ọkọ̀."

Bàbá dá a lóhùn pé, "Ìyàwó, fi mí sílẹ̀. Jẹ́ kí oró náà jáde kí ó tó dé ọkàn ọmọ."

Gbẹ́rẹ́ mẹ́ta ni Bàbá sín, wọ́n sì fi okùn di apá ọmọ náà pinpin. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí epo nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti tọrọ epo káàkiri. Ní gbogbo ojú omi títí wọ́n fi dé orí ilẹ̀, ojú abẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣẹ̀jẹ̀ láìdá, débi pé ìró tí ìyá náà fi wé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ rin gbingbin. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, dókítà fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti inú iṣan ọmọ náà, ó dà á sínú ìgò kékeré, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni ó ń wo aago. Ìyá náà kọ̀wé pé, "Ọmọ mi ń kú lọ, ìgò ni wọ́n ń wò." Nígbà tí ìṣẹ́jú 20 pé, dókítà dẹ ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì ṣàn bí omi. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ké sí nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n gbé oògùn aporó wá.

A dúpẹ́ pé ọmọ náà yè. Ó ti padà sí ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka kan kò lè ká dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n àlàáfíà kò tíì padà sínú ilé. Ìyá náà béèrè lọ́wọ́ wa pé: "Kí ni dókítà ń wá nínú ìgò yẹn? Ṣé ejò ni ó fẹ́ pa ọmọ mi, tàbí abẹ Bàbá? Bàbá kì í bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà, èmi pẹ̀lú kò sì mọ ibi tí mo lè gbé e gbà."

Ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. A ó dáhùn ìbéèrè yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ìdáhùn náà lè yé gbogbo ilé, a ní láti kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dì nínú ara ẹni tí ejò kò ṣán.

Ẹ̀yin ará Awoye mọ iṣẹ́ àwọ̀n ju àwa tí ń kọ̀wé lọ, nítorí náà àwọ̀n ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ni èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fibrinogen. Ọ̀kan nínú àwọn pròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀dọ̀ wa ni ó sì ń ṣe é. Nínú lítà kan omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, a máa rí ìwọ̀n gíráàmù 2 sí 4 rẹ̀. Ẹ kà á sí òwú àwọ̀n tí a kò tíì hun: ó wà níbẹ̀, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ, kò sì dí ohunkóhun lọ́nà. Pròtéènì kejì ń jẹ́ prothrombin. Ẹ ka èyí sí ahun-àwọ̀n tí ó sùn. Nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa ní ìka, ara a ránṣẹ́, ahun-àwọ̀n a sì jí. Orúkọ rẹ̀ a yí padà di thrombin. Thrombin a mú òwú fibrinogen, a gé ẹnu rẹ̀ díẹ̀, òwú a sì bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ òwú títí yóò fi di àwọ̀n tí a ń pè ní fibrin. Àwọ̀n yìí ni ó ń dí ihò náà pa, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dá.

Ẹ kíyèsí ohun kan nínú ètò yìí. Ojú ibi tí ihò wà nìkan ni ahun-àwọ̀n ń jí sí. Ní gbogbo ibi yòókù nínú ara, ó ń sùn lọ, òwú sì ń ṣàn lọ ní tirẹ̀. Bí iṣẹ́ àwọ̀n bá sì parí, tí ọgbẹ́ ti san, oníṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ plasmin a wá tú u kúrò. Ohun gbogbo ni ó ní àkókò àti ipò tirẹ̀.

Thrombin àti plasmin jẹ́ irú oníṣẹ́ tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ẹ́ńsáìmù ni èròjà tí ń yí nǹkan mìíràn padà, síbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán nínú iṣẹ́ náà. Irú rẹ̀ wà nínú itọ́ wa: ẹni tí ó bá jẹ búrẹ́dì pẹ́ lẹ́nu yóò mọ̀ pé ó ń dùn díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹ́ńsáìmù itọ́ ń sọ ọ́ di ṣúgà. Ejò pẹ̀lú ní ẹ́ńsáìmù nínú àpò oró tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ẹ́ńsáìmù kì í tán nínú iṣẹ́, oró díẹ̀ ṣínṣín lè ba ohun púpọ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba oró tí eyín ejò gbé wọlé fi lè borí gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ara.

Nísinsìnyí, kí ni oró paramọ́lẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń ṣe? Iṣẹ́ ibi mẹ́ta ni a ó dárúkọ.

Èkínní, àwọn ẹ́ńsáìmù kan nínú oró máa ń jí prothrombin níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ihò, kò sí ọgbẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ahun-àwọ̀n inú ara ti dìde, wọ́n sì ń hun àwọ̀n kéékèèké tí kò wúlò káàkiri inú odò. Ara rí i, ó rán plasmin láti tú wọn. Bí wọ́n ti ń hun ni a ń tú, títí òwú yóò fi tán pátápátá. Nígbà tí ihò tòótọ́ bá wá lu, ahun-àwọ̀n a nawọ́ sí òwú, kò ní bá nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ kékeré ilẹ̀ ọ̀dàn ti ń ṣe, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ jẹ́ Echis, tí ó máa ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ra ara wọn títí yóò fi máa dún bí ayùn.

Èkejì, ẹ́ńsáìmù mìíràn wà tí kò dúró de ahun-àwọ̀n rárá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ thrombin ṣe, tí ó ń mú òwú fibrinogen tí ó sì ń gé e. Irú èyí ni wọ́n rí nínú oró ejò ńlá inú igbó wa tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ jẹ́ Bitis gabonica, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní ọká. Wọ́n sì sọ ẹ́ńsáìmù náà ní gabonase, nípa orúkọ ejò tí ó ni ín.

Ẹ̀kẹta, àwọn ẹ́ńsáìmù kan tí ń lo èròjà síǹkì máa ń gé ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, bí eku ti ń gé ara àpò gàrí. Ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ẹran ara; ìdí kan nìyí tí ọwọ́ fi ń wú, tí ó sì ń dúdú. Ẹ fi èyí kún ti ìṣáájú, ẹ ó sì rí ewu rẹ̀: oró kan náà ni ó ń lu ihò, òun kan náà sì ni ó ń jí òwú tí à bá fi dí ihò náà kó lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè wá máa jáde láti èrìgì, láti imú, nínú ìtọ̀, àti ní ojú ọgbẹ́ àtijọ́. Èyí tí ó burú jù ni bí ó bá ya nínú ọpọlọ.

Nísinsìnyí ni a lè sọ ohun tí dókítà ń wá nínú ìgò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òwú ṣì kù. Ìgò fúnra rẹ̀ a máa jí iṣẹ́ dídì nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó bá fara kàn án. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le gbọ́dọ̀ ti dì kí ìṣẹ́jú 20 tó pé. Bí a bá dẹ ìgò náà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn bí omi, òwú ti tán nìyẹn, oró ti wọ inú ara, oògùn aporó sì di dandan. Mílílítà 2 ẹ̀jẹ̀ ti tó fún un. Ṣùgbọ́n ìgò náà gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó sì gbẹ. Ike kò lè ṣe é, nítorí ike kì í jí ẹ̀jẹ̀ bí ìgò ti ń jí i. Ìgò tí a fi ọṣẹ fọ̀ pẹ̀lú lè tan dókítà jẹ.

Ẹ má ṣe rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni irú ọgbọ́n yìí ti wá. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà níhìn-ín ni ó ti fìdí múlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, dókítà kan tí ń jẹ́ David Warrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zaria tọ́jú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí Echis ṣán, wọ́n sì tẹ ìròyìn iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1977. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí a fi kalẹ̀ nínú ìgò lè fi ẹni tí oró ti wọ̀ lára hàn, láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan. Lónìí, ìgò àti ìṣẹ́jú 20 yìí ni wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà.

Ìyá wa lè béèrè pé, kí ló dé tí wọn kò fi fún ọmọ ní oògùn kíákíá kí wọ́n tó wo ìgò? Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jáde ní èrìgì, tàbí tí ẹni náà ti dákú, dókítà kì í dúró de ìgò. Ṣùgbọ́n oògùn aporó kì í ṣe omi mímu. Láti ara ẹṣin tàbí àgùntàn ni a ti ń rí i: a ó fún ẹran náà ní oró díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì pèsè ohun ìjà sí oró náà, èyí tí a ó yọ tí a ó sì fọ̀ mọ́. Ara ẹlòmíràn a máa kọ̀ ọ́, èémí rẹ̀ lè há, ìfúnpá rẹ̀ sì lè já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn náà wọ́n, kò sì pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ejò ṣán ni oró wọ̀ lára, nítorí ejò olóró pẹ̀lú a máa bu ènìyàn ṣán nígbà mìíràn láìtu oró. Nítorí náà ìṣẹ́jú 20 tí ó dà bí ìjáfara lójú ìyá jẹ́ ìṣọ́ra lọ́wọ́ dókítà.

Nígbà tí oògùn bá ti mú oró mọ́lẹ̀, ẹ̀dọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òwú tuntun. Lẹ́yìn wákàtí 6, dókítà a tún fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò. Bí kò bá tíì dì, a tún oògùn fún un. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé gbígba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sára nìkan kò lè rọ́pò oògùn aporó: bí oró bá ṣì wà láàyè, yóò run òwú tuntun náà gẹ́gẹ́ bí ó ti run ti àkọ́kọ́.

Ìmọ̀ aporó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Albert Calmette, ará Faransé, wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é ní àwọn ọdún 1890. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Vital Brazil, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, fi hàn pé oògùn tí a fi oró ejò kan ṣe kì í sábà borí oró ejò mìíràn. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní láti ní oògùn tí ó bá ejò tirẹ̀ mu. Oògùn EchiTAb G, tí a ṣe fún Nàìjíríà láti ara àgùntàn, dojú kọ Echis nìkan. EchiTAb-Plus-ICP, tí a ń ṣe láti ara ẹṣin ní ilẹ̀ Costa Rica, dojú kọ oró ejò mẹ́ta ilẹ̀ wa: Echis, paramọ́lẹ̀ ńlá ilẹ̀ ọ̀dàn, àti sèbé tí ń tu oró sójú ènìyàn. Ìdánwò tí a ṣe lórí oògùn méjèèjì ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, kan aláìsàn 400, àwọn oògùn méjèèjì sì ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìgò kan náà tí ìyá wa rí lórí tábìlì: ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kọ̀ láti dì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Ìbéèrè kejì ni èyí tí ó ń dun ìyá náà lọ́kàn jù: ejò ni, tàbí abẹ? Ìdáhùn wa ni pé ejò ni ó dá ewu náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ fi kún un. Eyín ọká ni ó gùn jù láàárín gbogbo ejò ayé, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Jìnnà nínú ẹran ara ni ó ń tu oró sí. Gbẹ́rẹ́ tí a sín sí ojú awọ kò lè dé ibẹ̀, oró náà kì í sì í bá ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde padà. Èyí tí abẹ ṣe ni pé ó la ọ̀nà mẹ́ta sí i sára ọmọ tí kò ní òwú tí yóò fi dí wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí ìyá náà rí lára ìró, ẹ̀jẹ̀ rere ọmọ ni. Okùn tí a fi di apá pinpin pẹ̀lú a máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ó má dé ọwọ́, ẹran ọwọ́ náà a sì máa kú. Ẹlòmíràn ti pàdánù apá nípa okùn, tí ejò nìkan ì bá má gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fífi ẹnu fa oró, òkúta dúdú, àti kẹrosíìnì kò ní àǹfààní kankan.

Síbẹ̀, Bàbá kò ṣìkà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó rí ewu, ó sì sáré sí i pẹ̀lú ohun tí àwọn baba rẹ̀ kọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ lè gbàgbé bí a ti ń dì.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa àwọn ejò yòókù, nítorí ìgò kì í fi gbogbo ewu hàn. Oró sèbé dúdú inú igbó àti ti ejò tútù orí igi tí ń jẹ́ Dendroaspis jamesoni kì í sábà fọwọ́ kan dídì ẹ̀jẹ̀; iṣan ìmọ̀lára ni ó ń bá jà. Ẹ̀jẹ̀ ẹni náà lè dì dáadáa nínú ìgò, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo, èémí rẹ̀ sì ń tán lọ. Irú èyí kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ rárá. Bí sèbé bá tu oró sójú ènìyàn, ẹ fi omi tí ó mọ́ púpọ̀ fọ ojú náà lójú ẹsẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ kan sì wà fún àwọn apẹja: ejò òkun olóró tí a ń gbọ́ nípa rẹ̀ ní etí òkun Íńdíà kò sí nínú òkun Atlantic tiwa. Ewu yín wà ní orí ilẹ̀, nínú igi ìdáná, nínú koríko àti lẹ́bàá ilé.

Bí ejò bá ṣán ẹnìkan nínú ilé yín, ẹ ṣe báyìí. Ẹ mú un kúrò níbi tí ejò wà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dá a lọ́kàn le; ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́ kúrò kí wíwú tó dé. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ kan ti apá tàbí ẹsẹ̀ náà, ẹ fi aṣọ wé e kí ó má lè mira, ṣùgbọ́n kí ìka lè wọ abẹ́ aṣọ náà. Ẹ gbé e. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn. Ẹ kọ àkókò tí ejò ṣán an sílẹ̀. Bí ẹ bá lè fi fóònù ya àwòrán ejò náà láti òkèèrè, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má lé e, ẹ má sì fọwọ́ kan òkú rẹ̀, nítorí orí ejò tí a ti gé lè ṣán ènìyàn síbẹ̀. Fún ìrora, parasitámọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ásípírìn, nítorí ásípírìn a máa ṣèdíwọ́ fún dídì ẹ̀jẹ̀. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ kankan sí ìdí lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀. Bí wọ́n bá ti di okùn pinpin kí ẹ tó dé, ẹ má ṣáà tú u lójijì bí ilé ìwòsàn bá ti sún mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà wà níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa kan kù fún gbogbo Awoye àti àwọn ìlú etí omi yòókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn tí a pa tì ní ọdún 2017, ó sì ṣírò pé ènìyàn bí 81,000 sí 138,000 ni ó ń kú nípa rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọdún 2019 ni ó pinnu pé kí ikú àti àbùkù ara tí ó ń fà dín sí ìdajì kí ọdún 2030 tó pé. Ìpinnu yẹn kò ní dé ilé ẹnikẹ́ni bí kò bá sí epo nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan fi kẹ́ẹ̀gì epo kan pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ mọ ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ní òru. Ẹ kọ nọ́mbà ilé ìwòsàn sára ògiri, kí ẹ sì pè kí ẹ tó gbéra, kí ẹ lè mọ ibi tí oògùn aporó wà. Wákàtí tí a fi wá epo ni ejò ń rí lò.

Ní ìkẹyìn, ìyá wa, ẹ mú ìwé ìròyìn yìí tọ Bàbá lọ. Ẹ kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín, kí ẹ sì kà á sí etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má ṣe béèrè pé kí ó sọ pé òun jẹ̀bi. Ẹ sọ fún un pé ẹ mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ni ó mú kí ó sáré. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ olùtọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo àdúgbò yín, nítorí ẹni tí ó lè sáré bẹ́ẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí yẹ. Abẹ náà kì í ṣe ohun ìsọnù: ní ọjọ́ mìíràn, òun ni kí Bàbá fi ya aṣọ tí a ó fi wé igi mọ́ apá ẹni tí ejò ṣán.

A kí ọmọ náà kú ewu. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.